Ọkùnrin Kan Náà Ló Tú Àṣírí Àfòpiná àti Ti Oyún

Lónìí a ò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a ò sì sọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ìtàn la fẹ́ sọ, ìyá ọlọ́mọ kan ló sì fà á.

A lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀wà ṣe ìpàdé lẹ́bàá oko wọn, a gbé pàkúté àfòpiná dání. Pàkúté náà kò ju kẹ́ẹ̀gì lítà 5 lọ. A ti gé ojú fèrèsé sí i lára, a so rọ́bà kékeré kan tó ní òórùn abo àfòpiná kọ́ sínú rẹ̀, a sì bu omi ọṣẹ sí ìsàlẹ̀. À ń ṣàlàyé fún wọn pé akọ ló máa gbọ́ òórùn yẹn, tí yóò rò pé ìyàwó ń pe òun, tí yóò sì ṣubú sínú omi. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí oyún mìíràn sì ti yọ níwájú rẹ̀, ló nawọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ ti mọ ọgbọ́n tẹ́ ẹ fi ń bá àfòpiná ṣètò ọmọ bíbí. Ti àwa obìnrin ńkọ́?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní kó lọ bi ọkọ rẹ̀. Àwa náà rẹ́rìn-ín, torí pé a ò ní èsì kankan.

Ìgbà tá a délé la wá lọ ka ìwé. Ohun tá a rí yà wá lẹ́nu. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú òórùn àfòpiná, òun náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ èròjà tó ń mú oyún dúró nínú ara obìnrin sọ́tọ̀, èyí tí abẹ́rẹ́ àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ti òde òní ti ṣẹ̀ wá. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ìyá yẹn kì í ṣe àwàdà rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àfòpiná. Bàbá kan wà nílẹ̀ Faransé, Jean-Henri Fabre lorúkọ rẹ̀, abúlé Sérignan ló ń gbé ní ìparí àwọn ọdún 1800, kòkòrò ló sì ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan, abo àfòpiná ńlá kan pa nínú ilé rẹ̀. Ó fi àgò onírin wẹ́wẹ́ bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, akọ bíi 40 ya wọlé láti inú òkùnkùn, wọ́n ń fò yí abo náà ká. Wọn ò rí i lójú, igi ló yí ilé ká, òkùnkùn sì ṣú biribiri. Fabre gbé e láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń wá a rí. Ó gbé nǹkan olóòórùn líle sí tòsí kó lè da òórùn rẹ̀ rú, wọ́n ṣì wá. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ti abo mọ́ inú àpótí tí atẹ́gùn kò lè gbà jáde, kò sí ìkankan tó wá mọ́. Fabre mọ̀ pé ohun kan ń jáde lára abo yìí. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Kò sí irinṣẹ́ tó lè fi mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Adolf Butenandt, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1903, ló wá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò ló fi bẹ̀rẹ̀, ara obìnrin ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1929, láti inú ìtọ̀ àwọn aboyún, ó yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní estrone. Ní 1934, ó wà lára àwọn tó yọ progesterone, ìyẹn èròjà tí ara obìnrin ń pèsè kí ilé ọmọ lè di oyún mú. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ná wọn o: ilé ẹyin tí wọ́n yọ lára abo ẹlẹ́dẹ̀ 50,000 ni wọ́n lò, mílígíráàmù 20 péré ni wọ́n sì rí. Ìyẹn kò tó ìyọ̀ tí èèyàn ń fi ìka méjì bù sínú ọbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1939, ìjọba Hitler kò jẹ́ kó gbà á, ó dìgbà tí ogun parí, ní 1949, kí ìwé ẹ̀rí náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá kọjú sí àfòpiná. Àfòpiná tí wọ́n ń rí òwú sílíìkì lára ìdin rẹ̀ ló mú. Ẹ̀yin tí sányán ìdílé yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ mọ̀ pé ara kòkòrò ni òwú yẹn náà ti wá, ti wa ń gbé inú igbó, ti wọn ni wọ́n ń sìn nínú ilé bí adìyẹ. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni Butenandt àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi ń gé ìdí àwọn abo àfòpiná, níbi tí òórùn ti ń jáde. Abo bíi ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n lò. Ní 1959, wọ́n kéde ohun tó jẹ́, wọ́n pè é ní bombykol. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Karlson àti Lüscher, dá ọ̀rọ̀ pheromone sílẹ̀, ìyẹn òórùn tí ẹ̀dá fi ń ránṣẹ́ sí irú tirẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan àgbẹ̀ gan-an ló kù yìí, iṣu ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣu.

Tó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ 50,000 la máa pa ká tó rí progesterone bíńtín, ta ló máa rí i lò? Ará Amẹ́ríkà kan, Russell Marker, ló wá rò ó pé ewéko kan gbọ́dọ̀ wà tó ní ohun tó jọ ọ́. Ó wá a títí. Ní 1942 ó dé ìpínlẹ̀ Veracruz ní Mẹ́síkò, ó wú gbòǹgbò iṣu igbó kan tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ẹbí iṣu wa ni, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́. Nínú gbòǹgbò yẹn ló ti rí èròjà tó sọ di progesterone, ohun tó sì rí lé ní kìlógíráàmù kan. Ẹ fi wé mílígíráàmù 20 ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní 1944, òun àti àwọn kan dá ilé iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní ìlú Mẹ́síkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí iṣu igbó mìíràn tó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, barbasco, àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò sì wọ igbó lọ ń wú u tà fún wọn. Ní 1951, nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Mẹ́síkò kan tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, Luis Miramontes, lábẹ́ àbójútó Carl Djerassi àti George Rosenkranz, ṣe norethisterone jáde. Èyí ṣiṣẹ́ bíi progesterone, ó sì tún lágbára jù ú lọ. Abẹ́rẹ́ olóṣù méjì tí nọ́ọ̀sì ń gún fún ìyàwó yín ní sẹ́ńtà, norethisterone ló wà nínú rẹ̀. Orírun rẹ̀ ni iṣu tí àgbẹ̀ bíi tiyín wú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan má lọ máa jẹ iṣu lóòru kó wá sọ pé àwa la ní kò ní jẹ́ kóun lóyún. Iṣu inú ọbẹ̀ kò lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ ló ń yí èròjà yẹn padà, ikùn èèyàn kò lè yí i.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé èèyàn. Bí obìnrin bá ti lóyún, progesterone inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀, òun ló ń sọ fún ilé ẹyin pé kó má tú ẹyin mìíràn sílẹ̀, àlejò ti wà nínú ilé. Abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà fún ara láìsí oyún níbẹ̀. Òórùn inú kẹ́ẹ̀gì ń sọ fún akọ àfòpiná pé ìyàwó wà níbí, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ara máa ń rán ni Butenandt kọ́ láti kà nínú méjèèjì.

A ò ní fi apá tí kò dára pamọ́ nínú ìtàn yìí. Kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí oògùn oníhóró fún ìfètòsọ́mọbíbí ní 1960, àwọn obìnrin tálákà ní Puerto Rico ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára púpọ̀, láti 1956. Oògùn náà pọ̀ jù lára, mílígíráàmù 10 lójúmọ́. Òòyì ń kọ́ wọn, èébì ń gbé wọn, orí ń fọ́ wọn. Dókítà obìnrin tó ń bójú tó wọn, Edris Rice-Wray, sọ ọ́ jáde, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún bó ṣe yẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan bá sọ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba òun, a kì í pè é ní ọ̀dẹ̀. Ti ìsinsìnyí kéré gan-an sí ti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì lè da nǹkan oṣù rú, ó lè fa orí fífọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè, kí wọ́n sì dá a lóhùn.

Ó yẹ ká padà sílé báyìí. Àwọn ìyá wa àgbà kò nílò Butenandt kí wọ́n tó fi àlàfo sáàárín ọmọ. Bí obìnrin bá bímọ, yóò fún un lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kò sì ní sùn ti ọkọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àtọ̀ yóò ba omi ọmú jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ kò tọ̀nà, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ojú rí tọ̀nà: ọmọ tí ìyá rẹ̀ tètè lóyún lé lórí máa ń rù. Ní Gánà, láàárín àwọn ọdún 1930, Dókítà Cicely Williams rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n. Orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àìsàn náà ló kọ sínú ìwé, kwashiorkor: àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò dé. Nílé wa níbí, Dókítà David Morley ti Wesley Guild ní Iléṣà ṣọ́ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti 1957, ó ń wọn wọ́n lórí ìwọ̀n lóòrèkóòrè. Inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ẹ ń rí ní sẹ́ńtà ti jáde lọ sí gbogbo ayé.

A ò sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú àṣà yẹn ló dára o. Ọkùnrin ló rọrùn fún, ó ní ìyàwó mìíràn. Ìyàwó ló ń dá ru ẹrù àìsùnpọ̀ náà. Ìgbà tí ilé ìwé dé, tí ọ̀pọ̀ wá di ọkọ kan aya kan, àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Tọkọtaya kan láti Ọsirélíà, John àti Pat Caldwell, ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá ní 1973. Ó ṣì lágbára nígbà yẹn, àmọ́ àwọn tó kàwé àti àwọn ará ìlú ńlá ti ń gé e kúrú. Ọ̀pọ̀ sì jù ú sílẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìran tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí náà ni oògùn apakòkòrò wọ oko wa. Gammalin 20 ló ṣáájú fún àwọn bàbá wa tó ń gbin kòkó, láti àwọn ọdún 1950. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Inú ọ̀rá ara ló máa ń sá pamọ́ sí, ó sì máa ń bá omi ọmú jáde. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan ní 2009 pé kí wọ́n fòpin sí i. Àwọn mìíràn ti rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ìmọ̀lára kòkòrò, èèyàn náà sì ní irú iṣan bẹ́ẹ̀, ọmọ inú oyún pàápàá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé, lára obìnrin kan ṣoṣo. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Obìnrin tó bá bí ọmọ mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́sàn-án, kò sí àkókò ẹ̀wà kan láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí kò ní bá a pẹ̀lú oyún tàbí ọmọ ọmú. Ta ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn? Òun ni. Ta ló ń fọ aṣọ tí ọkọ fi fín oko? Òun náà ni. A sì ti rí ẹni tó fín ẹ̀wà nígbà mẹ́jọ kó tó kó o. Nígbà tí ìyá yẹn bi wá ní ìbéèrè, kẹ́ẹ̀gì omi méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, páǹpù wà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ìgbà tá a délé la tó rò ó.

Ìdí nìyẹn tí pàkúté fi já mọ́ nǹkan. Kòkòrò tó ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà tútù, Maruca, ìdin àfòpiná ni. Àwọn onímọ̀ IITA ní Benin àti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kan wá òórùn abo rẹ̀ rí, wọ́n sì dán oríṣiríṣi pàkúté wò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí a ń rí lọ́jà ló mú àfòpiná ju pàkúté olówó ńlá ti òyìnbó lọ. Ẹ tún wò ó: òórùn Maruca àti bombykol ti 1959, bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí, ẹ̀wọ̀n káábọ́nù 16 ni méjèèjì. Ti àgbàdo náà dé bá wa ní 2016, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí armyworm ti Amẹ́ríkà nílẹ̀ Áfíríkà, ní ìhà wa níbí náà. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀, òun náà ní òórùn tirẹ̀ lọ́jà.

Ẹ má sọ pé pàkúté máa pa gbogbo wọn. Akọ ló ń mú jù, akọ kan tó yè sì lè gun abo púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú òórùn bẹ́ẹ̀ sí oko òwú kí akọ má lè mọ ibi tí abo wà, ṣùgbọ́n owó ńlá nìyẹn. Ohun tí tiwa wà fún ni kó sọ ọjọ́ tí wọ́n dé. Ẹ gbé e kọ́ sórí igi, kó ga tó mítà kan lé díẹ̀, kí ẹ̀wà tó yọ òdòdó. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú rọ́bà òórùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó tà á ṣe sọ. Ẹ máa ka ohun tó mú láràárọ̀. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí páǹpù sinmi. Bí wọ́n bá ń pọ̀, ẹ wọ oko, ẹ tú òdòdó bíi 20 wò. Bí ẹ bá rí ìdin níbẹ̀, ẹ fín in ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ tí kòkòrò dé kì í fín in nígbà mẹ́jọ.

Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ po oògùn, kò gbọ́dọ̀ fín in, kò gbọ́dọ̀ fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹni tó bá fín oko ni kó fọ aṣọ ara rẹ̀, kó má sì kó o pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Àlàfo ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí obìnrin tó bímọ jẹ́ kí oṣù 24 kọjá, ó kéré tán, kó tó gbìyànjú oyún mìíràn. Tí oyún bá bàjẹ́, kó dúró oṣù 6. Ẹ ò rí i pé ìyẹn kò jìnnà sí ti àwọn ìyá àgbà. Ara ń padà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń pa wá jù: ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100,000 tí wọ́n bá bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá bíi 512 ló ń bá ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ lọ. Ìyá tó bá ń fún ọmọ ní ọmú nìkan tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì padà, ní ààbò fún oṣù 6. Lẹ́yìn ìyẹn ó yẹ kó ti rí nọ́ọ̀sì. Èyí tí kò ní ju irú èròjà iṣu yẹn lọ, abẹ́rẹ́ tàbí ti abẹ́ awọ apá, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò ó láti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Àwa kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Nọ́ọ̀sì ló máa béèrè nípa ara yín, tí yóò sọ èyí tó bá yín mu.

A padà lọ bá ẹgbẹ́ náà, a sọ ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ àti iṣu fún wọn. Bàbá tó ní kí ìyá yẹn lọ bi ọkọ rẹ̀ ló béèrè jù lọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá irú iṣu bẹ́ẹ̀ wà nígbó wa, àti iye tí wọ́n ń rà á. Ìyá yẹn kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó ti wọ oṣù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ sí oko. Ìpàdé tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì láti sẹ́ńtà ti gbà láti bá wa wá, àwọn obìnrin sì ti ní abẹ́ igi máńgòrò làwọn máa jókòó sí, ọ̀tọ̀ sí ti ọkùnrin.